Ilé Ìgbín Wa àti Kókó Tó Wà Lẹ́yìn Etí Mi

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kókó kan hù sí ara iṣan tí ó so etí rẹ mọ́ inú orí, jókòó ná. Mo mọ̀ pé o ti ń wá ẹni tí wàá di ẹ̀bi rù. Èmi náà wá a. Ọkọ̀ ni mo di tèmi rù. Ọkọ̀ tí kò ṣẹ̀ mí, tí ó dúró jẹ́ẹ́ sójú kan ní Dansoman nílùú Accra, òun ni mo pè lẹ́jọ́, tí mo sì dá lẹ́bi, kí n tó mọ̀ pé inú orí mi ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ṣì ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Mulikátù ni orúkọ mi. Sabon Zongo ní Accra ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, wọ́n ń ta ike àti abọ́ ní ọjà Tudu, èmi náà sì jogún òwò náà. Ọkọ mi, Kámọ́rù, tí mò ń pè ní Bàbá Fáísà nítorí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, ń rán ìjókòó ọkọ̀ àti tìmùtìmù àga ní Dansoman. Accra náà ni wọ́n bí òun sí. Kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀, wàá rò pé àná ló dé.

Bí a ṣe dé inú ọkọ̀ nìyí. Onílé wa fẹ́ gba owó ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì ní in. Àsìkò yẹn ni tọkọtaya òyìnbó arúgbó kan gbé ọkọ̀ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fáísà pé kó bá wọn rán ìjókòó rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ bí ilé ni, tó ní ibùsùn, àdògán gáàsì, fìríìjì kékeré àti tábìlì tó ń ká. Wọ́n ti wà á gba aṣálẹ̀ wá láti ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n dé Accra, ọ̀rọ̀ náà sú ìyá náà. Ó ní bàálù ni òun máa wọ̀ padà, kí ọkọ òun yan èyí tó bá wù ú nínú òun àti ọkọ̀ yìí. Bàbá náà yan ìyàwó, ó sì ta ọkọ̀ fún Bàbá Fáísà ní owó tó rọjú. Bí a ṣe di onílé nìyẹn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni a gbé e sí, àwọn ará àdúgbò sì sọ ọ́ ní Ilé Ìgbín.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ààyè kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ló lè dìde lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ń dáná, Bàbá Fáísà á gbé ẹsẹ̀ sórí ibùsùn. Bí òun bá ń wọ ṣòkòtò, èmi á bọ́ sílẹ̀ lọ kí àwọn aládùúgbò. Tábìlì tí a fi jẹun ni a ń tẹ́ pẹlẹbẹ fún Fáísà láti sùn lé, nítorí náà bó bá ti ń tòògbé, oúnjẹ ti parí nìyẹn, o yó o, o kò yó o. A fi òfin kan lélẹ̀: nǹkan kan kò gbọdọ̀ wọlé bí nǹkan kan kò bá jáde. Nígbà tí mo ra bàtà ọdún, bàtà ọdún tó kọjá ló san án. Ní ọ̀sán, páànù ọkọ̀ á gbóná débi tí búrẹ́dì á fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ara rẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Tiwa ni. Bàbá Fáísà a máa fi ọwọ́ lu ara rẹ̀ bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ẹṣin, á ní, "Ìyá Fáísà, lọ́jọ́ kan, a ó wa ilé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu ọ̀nà bàbá mi àgbà ni n ó gbé e sí. A ò ní da ẹnikẹ́ni láàmú, inú ilé ara wa la máa sùn."

Ọjọ́ tí a kó wọ inú rẹ̀, a ránṣẹ́ sí Àáfáà kí ó wá ṣe àdúrà sí i. Àáfáà wo ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ ṣe àdúrà sí gan-an? Ilé ni àbí ọkọ̀?"

Bàbá Fáísà ní, "Ọkọ̀ ni, Àáfáà."

Àáfáà bá ṣe àdúrà ọkọ̀. Ó ní kò ní takìtì, kò ní dákú sójú ọ̀nà, yóò máa lọ ni, yóò máa bọ̀ ni. A ṣe àmín tó lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdúrà yìí sọ́kàn.

Àìsàn náà kò kanlẹ̀kùn. Fóònù ni mo kọ́kọ́ bá jà. Mo wà ní ìsọ̀ mi ní Tudu, oníbàárà kan pè mí, mo gbé fóònù sí etí òsì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Maame, hwee nyɛ no," èyí ni pé kò sí ohun tó ṣe é. Mo gbà á padà tìbínú tìbínú, mo gbé e sí etí ọ̀tún, ó ń dún. Mo rò pé ó ti tún un ṣe, ó kàn fẹ́ ṣe mí lóore ni. Mo tiẹ̀ fún un ní ike omi kan. Láti ọjọ́ náà, etí ọ̀tún ni mò ń gbé fóònù sí, n kò sì bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo kan bẹ̀rẹ̀, hùùùù, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ihò kọ́kọ́rọ́. Mo ní fìríìjì ni. Mo pa á. Ẹja wa bàjẹ́, ariwo kò dákẹ́. Mo ní wáyà iná ni. Bàbá Fáísà tú wáyà, ó tún un tò, ariwo kò dákẹ́. Inú ọkọ̀ tó kéré báyẹn, bí nǹkan bá ń dún, o kò lè sọ pé inú yàrá kejì ni. Ó rú mi lójú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè fa aṣọ ilé ìwé Fáísà jáde lábẹ́ ibùsùn. Ọkọ̀ gbéra! Mo fi gbogbo ẹnu kígbe, "Bàbá Fáísà, ọkọ̀ ń lọ!" Ó sáré wọlé, ó fa búrẹ́kì ọwọ́, ó tún sáré jáde lọ ki òkúta bọ abẹ́ táyà. Nígbà tí ó padà dé, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú, mò ń làágùn.

Ó ní, "Kò kúrò lójú kan o."

Mo ní, "Èmi wà nínú rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń lọ. Á lọ ní òwúrọ̀, á dúró lọ́sàn-án, ó lè má lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, á tún gbéra. Bó bá ti lọ, Bàbá Fáísà á wá òkúta kún òkúta. Mo ní ewúrẹ́ Auntie Dedei ni. Ọmọ Gà ni Auntie Dedei, ẹ̀yìn wa ló ti ń se kẹ́ńkẹ́, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi ara họ ìdí ọkọ̀ wa. Mo lọ bá a jà.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ó ní, "Ei, Maame Faisa! Alata woman! My goat fit push lorry? Chale, come show me the goat. If e strong like that, I go sell am for big money!"

Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí ara mi ń sọ fún mi. Bàbá Fáísà, tí kò fẹ́ wàhálà, yá jáàkì, ó gbé ọkọ̀ náà sókè pátápátá, ó sì fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé tì í nísàlẹ̀. Táyà kò kan ilẹ̀ mọ́. Mo sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, mo ń yin ọkọ mi. Lẹ́yìn náà, mo ń bu ìrẹsì sí àwo, táyà wà lókè, ọkọ̀ gbéra.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn fún ẹni tí kò ṣe rí. Ojú rẹ ń sọ nǹkan kan, ara rẹ ń sọ òmíràn, àwọn èèyàn ń sọ ẹ̀kẹta, kò sì sí èyí tó dàbí irọ́ nínú wọn. Bàbá Fáísà bu omi sínú abọ́, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Ìyá Fáísà, wò ó. Omi kò mì."

Mo wo omi náà. Ó tòrò. Mo ní, "Omi lè má mì. Ilé ń mì."

Ó wo ojú mi. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Sabon Zongo. Màámá ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tó mọ̀wé kéwú ni, ó mọ ewé, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ trotro, ọkọ̀ èrò wa, wá, ó dúró síta, kò tilẹ̀ wọlé. Ó ní, "Ta ló ń gbé ilé tó ní táyà? Kámọ́rù, nígbà tí ẹ kó wọ ibí, àdúrà wo ni Àáfáà ṣe?"

Bàbá Fáísà sọ fún un.

Màámá ká ọwọ́ lérí. "Àdúrà ìrìnàjò! Ẹ ṣe àdúrà ìrìnàjò sí ilé, ẹ ṣe àmín sí i, ẹ wá ń fi òkúta dá a dúró? Ohun tí ẹ bẹ Ọlọ́run fún náà kọ́ ló ń ṣe yìí?"

Má rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ò ń ka èyí. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ló mọ́gbọ́n dání jù nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́. A ránṣẹ́ pe Àáfáà padà. Ó ṣe àdúrà ilé báyìí, pé kó fìdí múlẹ̀, kó má ṣe yẹ̀. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fi há.

Kò pẹ́ tí Àáfáà lọ ni mo gbé omi gbígbóná kúrò lórí iná. Ilé gbéra, mo yẹ̀, omi dà sílẹ̀. Ìwọ̀nba bí àtẹ́lẹwọ́ ló kù kí ó kan Fáísà tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lórí tábìlì. Nínú ilé tó fún báyẹn, kò sí ibi tí ọmọ lè yẹra sí. Ó kàn gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó ń wò mí. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Mo sọ fún Bàbá Fáísà pé kó ta ọkọ̀ náà, kó tà á fún ẹnikẹ́ni, kí n tó pa ọmọ wa nínú rẹ̀. Ó dáhùn pé òun ti gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ó ti rí ọkùnrin kan tó fẹ́ sọ ọ́ di ibi tí á ti máa ta ìrẹsì díndín. Màámá kó èmi àti Fáísà lọ sí Sabon Zongo.

Yàrá Màámá fẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, láti ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo nà gbalaja, mo na ọwọ́ na ẹsẹ̀ láì kan nǹkan kan. Mo ní, Alhamdulillahi, mo ti bọ́. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ilẹ̀ gbéra.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ sìmẹ́ńtì náà. Ó tutù, ó le, kò ní táyà, ó sì ń lọ. Mo rákò lọ bu omi sínú abọ́, mo gbé e kalẹ̀, mo dojú kọ ọ́. Omi náà tòrò bíi ti Dansoman. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kò bà mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí orí mi. Nígbà tí ọkọ̀ ló ń mì, a lè ta ọkọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ta ara mi?

Mo sọ fún Màámá. Ó ní, "Ọ̀nà jíjìn ni o ti bọ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ara rẹ̀ ṣì máa ń lọ fún ìgbà díẹ̀. Yóò kúrò lára rẹ." Ọ̀rọ̀ náà dùn, mo sì dì í mú. A ń dúró kí ọkọ̀ kúrò lára mi. Bí a ṣe ń dúró, a ń tọ́jú òòyì. Mo mu àgbo kíkorò, mo lá àgúnmu, mo mu omi hàǹtú tí Àáfáà fọ̀ kúrò lára wàláà. Wọ́n da òróró gbígbóná sí mi létí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan sí ọ létí, ì báà jẹ́ ìyá tó bí ọ. Ó jó mi, kò sì wo nǹkan kan sàn. Èmi kò bínú sí Màámá. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ohun tí ó mọ̀ ló fi ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bí mo bá ń mu omi, á máa ṣàn jáde ní apá òsì ẹnu mi, n kò ní mọ̀ títí tí Fáísà á fi nù ún fún mi. Ọkọ̀ wo ló ń ṣe ìyẹn?

Ọjọ́ tí Bàbá Fáísà wá kí wa, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Fáísà, má tíì gba owó ọkùnrin yẹn. Ilẹ̀ Zongo náà ń rìn."

Ó jókòó sórí àpótí. "Zongo," ó ní, "táyà mélòó ló ní?" Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti bọ́ lójú rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ọsibítù láì dágbére fún ìyá rẹ̀.

Ìlà ọsibítù, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí o ti dé, kí o sì mú nǹkan jíjẹ dání. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn, bí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo wa á sún ìdí díẹ̀. Bẹ́ǹṣì náà ń lọ lójú mi, ìdí mi náà ń lọ lórí bẹ́ǹṣì, n kò mọ èyí tó ń gbé èkejì. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi èjìká rẹ̀ gbé mi ró láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kò mọ̀ mí rí. "Kosɛ," ó ń wí, èyí ni pé pẹ̀lẹ́, "kosɛ, wàá dára." Bí a ṣe dé iwájú, wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ mìíràn. A padà lọ. Mo bẹ̀ ọ́, máa padà lọ.

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin tó kéré sí mi. Ó ní kí n pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí n dìjú. Mo dìjú báyìí, apá rẹ̀ ni mo bá ara mi. Ó fi nǹkan yẹ etí òsì mi wò. Etí náà ti kú tipẹ́, èmi ni n kò mọ̀. Ó rán wa lọ síbi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Ẹ̀rọ náà dà bí páìpù ńlá, wọ́n á tì ọ́ sínú rẹ̀ títí imú rẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣáájú mi pariwo, wọ́n sì fà á jáde. Nígbà tó kàn mí, mo wò ó, mo ní ṣebí bí ibùsùn mi ní Dansoman ṣe rí nìyí. Mo tilẹ̀ sùn lọ níbẹ̀. Ìyẹn ni oore àkọ́kọ́ tí mo rí pé ọkọ̀ náà ṣe mí.

Kókó ni wọ́n bá. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ti ibi tí kò yẹ kó tì. Iṣan tí ó dì mọ́ yìí ló ń bá wa gbọ́rọ̀, òun náà ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ dúró. A gbọ́dọ̀ gé e. Ó sọ gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ fún mi, kò fi ọ̀kan pamọ́, ikú wà nínú rẹ̀.

Màámá fárígá. "Wọn kò ní ṣí orí ọmọ mi! Ẹ gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tí á wò ó wà níbẹ̀." Àwọn ẹbí gbè é lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní kí a dúró, ẹlòmíràn ní ẹnì kan ló ń ṣe mí. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí kan ni mo sì fi ń gbọ́ ọ, n kò mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Nígbà tí wọ́n dẹ́kun díẹ̀, mo ní kí Bàbá Fáísà ta ọkọ̀ náà fún onírẹsì, kí a fi sanwó iṣẹ́ abẹ. Ìdájọ́ kejì tí mo dá fún ọkọ̀ aláìṣẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Bí mo bá tà á, ibo lo máa padà sí?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti rí kókó náà, òun lẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo máa padà. Mo bú sẹ́kún.

Kò ta ọkọ̀. Ó pe àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abossey Okai, wọ́n wá tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n bọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ẹ́ńjìnnì tó gba aṣálẹ̀ kọjá, tó yẹ kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ àgbà. Ó bá wọn gbé e sínú ọkọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin Tudu dáwó, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa dáwó, Auntie Dedei ta ewúrẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ní wọ́n ń ti ọkọ̀.

Ohun tí mo rántí nípa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kò pọ̀. Wọ́n fá ẹ̀yìn etí mi, Màámá di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi ní kó dúró síta, gbogbo ìjà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo lajú, gbogbo ayé ń yí, mo sì ń bì. Ojú mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú òsì kò pa dé, wọ́n ń kán oògùn sí i kí ó má gbẹ. Etí òsì kò padà, kò sì ní padà. Mo kọ́ ìrìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀. Mo wo dígí lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí wọ́n gbé e kúrò. Bí o bá dé ibẹ̀, tí o rò pé wọ́n ti bà ọ́ jẹ́, fara balẹ̀. Ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ipò báyìí. Bí mo bá rẹ́rìn-ín jù nìkan ni o máa rí i.

Ọ̀dọ̀ Màámá ni mo kọ́kọ́ padà sí, sínú yàrá tó fẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣubú. Bí mo bá tẹ̀lé ògiri, mo lè rìn. Bí mo bá dé àárín yàrá, tí kò sí nǹkan kan ní àrọ́wọ́tó, ilẹ̀ á gbéra, n ó sì bá ara mi lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n gbé àga síbẹ̀, mo ṣubú lu àga. Wọ́n fún mi ní ọ̀pá, èmi àti ọ̀pá jọ ṣubú. Mo ní kí wọ́n mú mi padà sí Dansoman.

Màámá ní, "Sínú ọkọ̀ yẹn? Ibi tí ẹni tí ara rẹ̀ dá kò lè yíra padà?"

Ó tẹ̀lé wa wá kó lè bá wa jà níbẹ̀. Mo dì mọ́ Bàbá Fáísà títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún mi kan àpótí aṣọ, ọwọ́ òsì kan àdògán. Mo gbé ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kan tábìlì, ọwọ́ òsì kan fìríìjì. Mo gbé òmíràn. Ilé náà gbéra díẹ̀, mo yẹ̀ sọ́tùn-ún, ògiri ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibùsùn láì sí ọ̀pá, láì sí ẹnì kankan, mo yí padà, mo sì rìn padà wá. Fáísà ń pàtẹ́wọ́ níta.

Màámá wọ inú ọkọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń wo òkè, ó ń wo ẹ̀gbẹ́. "Mulika," ó ní, "kò mà sí ibi tí o lè ṣubú sí." Lẹ́yìn náà ó ṣe àdúrà sí i fúnra rẹ̀, kò dúró de Àáfáà, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ilé ni tàbí ọkọ̀.

Bí mo ṣe wà nìyí. Mo ti padà sí ìsọ̀ mi ní Tudu, mo fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ìyókù kókó náà tí wọ́n kò lè gé kò tíì dàgbà. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ. Bí ìwọ náà bá rí i pé ò ń gbé fóònù sí etí kan láì mọ ìdí rẹ̀, má ṣe bá ẹni tó ń tún fóònù jà. Lọ jẹ́ kí wọ́n wo etí náà.

Bàbá Fáísà kò sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì rí. Ó ti gbin ẹ̀fọ́ sí ibi tí táyà wà tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti rẹ̀ mí, Ilé Ìgbín á tún gbéra, òun tí kò ní táyà, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, á máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. N kì í kígbe mọ́. N ó na ọwọ́ méjèèjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, n ó dì í mú, yóò sì dúró.